Ìwé Ọmọdé àti Ẹ̀kọ́ Ojú, Etí, Imú, Ahọ́n àti Ọwọ́: Láti Àgbádárìgì dé Alímọ̀ṣọ́

Kí ọmọ Yorùbá tó fi ojú kan ìwé ni ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ojú rẹ̀ ti mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Etí rẹ̀ ti mọ ohùn baba rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Imú rẹ̀ ti mọ ìgbà tí ọbẹ̀ fẹ́ jóná. Ahọ́n rẹ̀ ti mọ̀ pé àgbo korò, pé ọsàn mìíràn a sì máa kan. Ọwọ́ rẹ̀ sì ti kọ́ ọ pé iná kì í ṣe ohun ìṣeré. Kò sí ẹni tí ó fi pátákó kọ́ ọ ní nǹkan wọ̀nyí. Ẹ̀kọ́ ilé ni, ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ó yẹ kí ìtàn bi wá ni pé: nígbà tí ìwé dé ilẹ̀ Yorùbá, tí ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí jókòó níwájú olùkọ́, ǹjẹ́ ìwé náà bá ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yìí rìn pọ̀, tàbí ó pa á tì sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́?

A kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láìkọ́kọ́ wo bí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà ara márùn-ún tí a fi ń mọ ayé. Èdè mìíràn a máa fún olúkúlùkù wọn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ń gbọ́ ohùn, a sì ń gbọ́ òórùn; etí àti imú jọ pín ọ̀rọ̀ kan náà lò. Ẹni tí ó mọ èdè kan ni a ní ó gbọ́ èdè náà, ọmọ tí ó sì ń ṣe ohun tí a rán an ni ọmọ tí ó ń gbọ́ràn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ojú ṣe bá gbogbo ẹ̀yà yòókù ṣiṣẹ́: a ní kí ènìyàn tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ó gbọ́ orin wò, kí ó fi ọwọ́ kan aṣọ wò. Orin a máa dùn, oyin a máa dùn, ọgbẹ́ náà a sì máa dunni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Yorùbá, tí ó kàn túmọ̀ ìwé èdè mìíràn ní olówuuru, yóò gbé àpótí márùn-ún tí a tì pa síwájú ọmọ tí èdè rẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn láàrin wọn láti ilẹ̀ wá.

Síbẹ̀, èdè náà kò da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí ó bá di ọ̀ràn ẹ̀rí. Àwọn baba wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì sọ. Wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni àwọn oníṣègùn wọ̀nyí ń pè ní ìmọ̀; èyí tí ó gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, nítorí pé ó gbà, ó sì gbọ́. Bí ìyàtọ̀ yìí bá dúró, a jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ lásán ni lọ́wọ́ ọmọdé, títí di ìgbà tí ìwé náà bá rán an padà sí ayé láti lọ wò, kí ó tọ́ wò, kí ó sì fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí ìtàn ìwé ọmọdé fi jẹ́ ìtàn ìmọ̀ pẹ̀lú.

Àgbádárìgì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni de Graft àti ìyàwó rẹ̀ sì ń darí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ní ọdún 1846 ni àwọn òjíṣẹ́ CMS dé Abẹ́òkúta. Samuel Ajayi Crowther wà lára wọn. Ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1849 ni ìwé kékeré rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà jáde, ìwé gírámà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1852. Ní oṣù kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ìdí rẹ̀ kan sì ni pé kí àwọn ènìyàn lè ní ohun tí wọn yóò máa kà.

A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo iṣẹ́ àwọn aṣáájú wọ̀nyí. Wọ́n fi lẹ́tà sí ẹnu èdè náà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá ni ọkàn tí yóò ka Bíbélì. Nítorí náà, ìwé ọmọdé ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí álífábẹ́ẹ̀tì, ó kọjá sí sílébù, ó sì dé orí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọmọdé ń ka ìwé kí ó lè gbàgbọ́. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí ìwé kọ́ ọ láti wo kòkòrò tàbí láti gbóòórùn ewé. Ẹ̀yà ara kan ṣoṣo ni àwọn ìwé náà ṣe lóore láìmọ̀, etí ni. Ẹni tí ó bá ń kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá kò lè ṣe aláìfetísílẹ̀, nítorí pé ohùn ni ó ya ìgbà, igbá, igba àti ìgbá sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni àkókò, ọ̀kan ni ohun tí a fi ń bu omi, ọ̀kan ni ọgọ́rùn-ún méjì, ọ̀kan sì ni èso tí a ń jẹ. Ọ̀ràn àmì ohùn yìí ló wà lára ohun tí ó gba àwọn olóyè ìwé lọ́kàn nígbà tí wọ́n pé jọ ní Èkó ní 1875 láti ṣe àtúnṣe sí bí a ṣe ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀.

Láìpẹ́ ìjọba wọ inú ọ̀ràn náà. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 fi owó ìrànwọ́ sí ẹ̀yìn èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn èdè Yorùbá. Ibi tí owó bá wà ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa wò. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí a mọ̀ pé ọmọ tí ó bá fẹ́ di akọ̀wé gbọ́dọ̀ fi ẹnu mọ orúkọ èso tí ahọ́n rẹ̀ kò tọ́ wò rí, kí ó sì ka ìtàn yìnyín tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní 1922, ó rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kí ẹ̀kọ́ wọn sì bá ayé tí wọ́n ń gbé mu.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní àgbáyé. Ní ọdún 1658, ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ni a tẹ ìwé Comenius tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orbis Sensualium Pictus. Ọmọ ilẹ̀ Moravia ni Comenius, àlùfáà ni, olùkọ́ ni pẹ̀lú. Àwòrán ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó fi èdè Látìn àti Jámánì kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú wọn sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi igbe ẹyẹ àti ti ẹran kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Èrò rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ó lè dé inú òye ènìyàn bí kò bá kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ojú, etí, imú, ahọ́n tàbí awọ ara kọjá. Ní 1907, Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé sí ìlú Róòmù, níbi tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ tọ lẹ́tà tí a gé láti ara bébà tí ó rí págunpàgun kí ó tó fi gègé kọ ọ́. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ ni ohun tí ìyá Yorùbá ń ṣe nígbà tí ó bá bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó sì ní, tọ́ ọ wò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé tí ó kọ́kọ́ mú ayé ọmọdé wọ inú kíláàsì lọ́nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Aláwìíyé. Joseph Folahan Odunjo ni ó kọ ọ́. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1904; olùkọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì di mínísítà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn lẹ́yìn náà; ó kú ní 1980. Láti àwọn ọdún 1940 ni ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, láti ìpele dé ìpele. Àwòrán wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, ewì wà níbẹ̀. Ilé, oko, ọjà àti ẹranko tí ọmọ náà mọ̀ ni a fi ń kọ́ ọ. Aláwìíyé kò pe ara rẹ̀ ní ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ìmọ̀lára, kò sì fi orí kan jin ọ̀ràn náà. Ohun tí ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: nítorí pé ohun tí ó ń sọ wà ní àyíká ọmọ, ọmọ lè gbé ìwé sílẹ̀ kí ó lọ wò ó. Ìwé àti ojú di ẹlẹ́rìí fún ara wọn.

Ìgbà tí iṣẹ́ yìí kàn Alímọ̀ṣọ́ ni 1955. Kí a tó sọ ìyẹn, ó yẹ kí a rántí irú ilẹ̀ tí Alímọ̀ṣọ́ jẹ́. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò, Ìdímù àti Ìpájà, ìlú àgbẹ̀ àti ti ọlọ́jà kéékèèké. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ifẹ̀ ni baba ńlá wọn ti tẹ̀ lé àwo kan tí ó léfòó lórí omi, pé wọn kò mú ojú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi dé agbègbè Ìṣẹri, níbi tí ó ti rì, àti pé gbólóhùn náà, àwo ti rì, ni ó di orúkọ wọn. Bí ìtàn yìí bá jẹ́ òtítọ́ tàbí bí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fi hàn pé ohun tí ojú rí tí ẹnu sì sọ ni àwọn ènìyàn náà gbà pé ó fi ìlú lélẹ̀.

Nígbà tí a yọ ìlú Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú ìlú ìjọba àpapọ̀ ní 1954, ẹkùn Ìkẹjà, tí Alímọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀, kò bá a lọ. Inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ni ó wà. Nítorí náà ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 fi jẹ́ tiwọn pẹ̀lú. S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó ti gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 ó di 811,432. Ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá wà lóko ni a fi síléètì lé lọ́wọ́. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ ọ ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì gba ipò. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá, ìyẹn nípa ewé, kòkòrò, omi àti ara ènìyàn, sì sábà máa ń bọ́ sí abẹ́ èdè tí ọmọ kò tí ì gbọ́ dáadáa. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ata ń ta, pé orógbó korò, pé ọsàn wẹ́wẹ́ kan, tí ó sì mọ ìgbà tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, dákẹ́ nígbà tí olùkọ́ bèèrè. Kì í ṣe pé ahọ́n rẹ̀ kò mọ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò rí ọ̀rọ̀.

Àìsàn yìí ni Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbìyànjú láti wò. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Fafunwa, tí a bí ní 1923. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation láti Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀. Ìlànà wọn rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ àti àṣà, àti èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Ọ̀wọ́ kejì ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. A fi àwọn méjèèjì wé ara wọn.

Ìwé kò sí fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ọ́. Ibí ni èdè ti dojú kọ ìdánwò: kí ni a ó pe agbára tí a fi ń mọ òórùn, kí ni a ó sì pe gbogbo wọn pọ̀? Lónìí, a ti ń bá ẹ̀yà ìmọ̀lára pàdé nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ náà dára, nítorí pé ó rántí pé ara ni ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ètò náà parí, àbọ̀ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Wọ́n tayọ wọn nínú ẹ̀kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òbí ti ń bẹ̀rù pé yóò sọnù. Ní 1989 ni a tẹ ìtàn iṣẹ́ náà jáde ní ìwé. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ tí ó ti fi èdè rẹ̀ to ohun tí ojú àti etí rẹ̀ mú wá sí ẹsẹẹsẹ, orúkọ tuntun nìkan ni ó kù fún un láti kọ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá dé. Ọmọ tí kò tò ó rí yóò máa kọ́ orúkọ àti ohun náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú òkùnkùn.

Ìjọba gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbọ́ràn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 sọ pé kí a fi èdè ìyá ọmọ, tàbí èdè àdúgbò tí ó ń gbé, kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Fafunwa ti ṣe é ní Ifẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọ̀hún, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn. Àádọ́ta ọdún àti márùn-ún ni ó wà láàrin Modákẹ́kẹ́ àti ìkéde yìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí ní tòótọ́, kí ó wo Alímọ̀ṣọ́ lónìí. Abúlé àgbẹ̀ àná ti di ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ènìyàn pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí 1,277,714 níbẹ̀. Àwórì wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ẹ̀gùn, Ígbò àti Haúsá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni Gẹ̀ẹ́sì tí a là mọ́ra ti di èdè tí a fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí pé òbí rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yóò ṣe là. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, a ń kọ́ ọmọ láti fi ìka kan ojú, etí, imú, ahọ́n àti ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì fi orin Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n. Èyí dára títí dé ibi tí ó dé. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ imú kì í ṣe mímọ ohun tí imú mọ̀.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti àṣà nìkan. Ti ìlera ni pẹ̀lú. Bí ara ọmọ bá ń ro ó, Yorùbá ti fún ìyá ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi bi í léèrè: orí a máa fọ́, inú a máa run, ẹ̀yìn a máa ro, egbò a máa ta, awọ ara a máa yún. Olúkúlùkù ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí ìrora tirẹ̀. Ọmọ tí ó ní gbogbo wọn lẹ́nu ti ran dókítà lọ́wọ́ kí ó tó dé ọsibítù; ọmọ tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ìrora yóò kàn máa sunkún ni. Ní Ìgàndò, níbi tí ààtàn ńlá Solous wà, tí a ti da ìdọ̀tí Èkó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, imú ọmọdé mọ ohun tí kò yẹ kí ó mọ̀. Ìwé tí ó bá kọ́ ọ láti sọ ohun tí ó ń rùn yàtọ̀ sí ohun tí ń ta sánsán, láti béèrè ibi tí òórùn náà ti ń wá àti ohun tí ó lè ṣe fún omi kànga, ti sọ ọ́ di ọmọ ìlú kí ó tó dàgbà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní láti tóbi. Àwòrán ọjà Ìkòtún lè kún ojú ewé kan: ata rodo pupa, gààrí funfun, èédú dúdú. Ìwé náà yóò bèèrè èyí tí ó kúnná lọ́wọ́ àti èyí tí kò kúnná, èyí tí a lè mọ̀ ní òkùnkùn nípa òórùn rẹ̀, àti ariwo tí ó ń sọ pé ọkọ̀ ń bọ̀ kí ojú tó rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ yóò pa ìwé dé, yóò sì gbé ata, gààrí àti èédú gidi sí orí tábìlì. Ọmọ Ígbò tí ó jókòó ti ọmọ Àwórì yóò sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pe ata nílé, kíláàsì náà yóò sì gbọ́. Báyìí ni èdè àdúgbò ṣe lè di ti gbogbo ọmọ láìlé èdè ìyá ẹnikẹ́ni jáde.

Láti ọwọ́ Crowther dé ọwọ́ Odunjo, láti ọwọ́ Odunjo dé ọwọ́ Fafunwa, ìwé ọmọdé Yorùbá ti rin ìrìn kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe kedere: àwọn ti ìṣáájú fi ìwé fún ọmọ kí ó lè gbàgbọ́, àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi í fún un kí ó lè mọ̀. Òfin lè dé, òfin sì lè lọ. A ti rí i kí ó ṣe méjèèjì láàrin ọdún mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n kò sí ìkéde tí ó lè dí olùkọ́ kan lọ́wọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá láti gé ọsàn sí méjì níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, kí ó fún olúkúlùkù wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dúró títí wọn yóò fi rí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí ohun tí ahọ́n wọn ń sọ fún wọn.